Ta Ló Ń Jẹ́ Eyínafẹ́?

Okùn gìtá tó tín-ín-rín jù ló já. Ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Akínwándé tó di gìtá náà mú, ó lọ na Sìrájù onílù lójú. Sìrájù figbe ta, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ sì gba àárín ìka rẹ̀ jáde sórí awọ ìlù. Olúṣínà tó fẹ̀yìn ti ògiri rí i pé ìpéǹpéjú ọ̀rẹ́ òun ti là sí méjì. Kì í ṣe àánú Sìrájù ló kọ́kọ́ ṣe é. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹni tí òun rán nǹkan sí kọ́ ló gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn yòókù tó dé, Olúṣínà ti gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí Akínwándé máa ń dúró sí, ó ri ohun kan tí wọ́n fi aṣọ pupa wé mọ́ ọn, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi dọ́gba. Akínwándé ti dúró lórí ẹ̀ láti àárọ̀, ó ń kọrin, kò sí ohun tó ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú," Akínwándé wí. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fi di ojú Sìrájù. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

Olúṣínà di orí náà mú. Ẹ̀jẹ̀ náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan lójú ọ̀nà tó ti Fìdítì lọ sí Ìlọrà ni wọ́n ti ń dánra wò. Iná Ọyẹ́ ni ẹgbẹ́ olórin wọn ń jẹ́. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọmọ ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi tí gbogbo ìlú rò pé orin ìyìn ni wọ́n máa fi ẹnu wọn kọ dọjọ́ alẹ́, ni wọ́n bá gbé gìtá oníná dé, orin rọ́ọ̀kì tó ń mú kí àwọn tíṣà di etí. Olúṣínà ni ohùn wọn nígbà náà. Tó bá gbé ohùn sókè ní pápá, àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ á ní kí dẹ́rẹ́bà dúró díẹ̀ káwọn gbọ́.

Kérésìmesì ọdún tí ogun abẹ́lé parí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń ṣeré ní Ìlọrà, ìjà bẹ́, àwọn jàǹdùkú fọ́ ìgò, ìgò kan sì wọ Olúṣínà lọ́fun. Wọ́n rán an, kò kú. Ohùn tó kù fún un dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi yanrìn ha ìdí ìkòkò. Kó tó ṣubú lọ́jọ́ náà, ẹni tó rí kẹ́yìn níwájú rẹ̀ ni Akínwándé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ọwọ́ tó wà lókè yẹn ni Olúṣínà ti gbé sọ́kàn láti ọjọ́ náà.

Ẹgbẹ́ tú ká. Ọdún gorí ọdún. Wọ́n ti ṣe FẸ́STÁÀKÌ tán kí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé àwọn fẹ́ àwo tuntun láti ọwọ́ Iná Ọyẹ́, odindi àwo, ojú méjèèjì. Inú Olúṣínà dùn títí ó fi gbọ́ pé Akínwándé ni yóò kọ ọ́. Orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀, tó fi ọ̀fun ara rẹ̀ tọ́ dàgbà, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti jáde. Bí àwo yẹn bá jáde bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rántí mọ́ pé òun ti kọrin rí láyé òun. Ìdí rèé tó fi wá ọ̀nà Akínmọ́ọ̀rìn lọ.

*

Alágbẹ̀dẹ ni Ògúnwálé ará Akínmọ́ọ̀rìn lójú gbogbo ayé. Ọkọ́ àti àdá ló ń rọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í ra ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni Olúṣínà gbé màṣíìnì rẹ̀ dé ibẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ká apá aṣọ sókè. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, awọ rẹ̀ ti bó, ẹran pupa yọ, eṣinṣin ń bà lé e.

"Nǹkan tí a rì ló padà wá bá mi nílé," Ògúnwálé wí. "Àná ni. Mo ń jẹun lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Mi ò bínú sí ọ. Ẹnìkan ń fọ ilẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Omi tútù ló fi ń fọ̀ ọ́. Ọ̀nà Ìmínì ni omi ọ̀hún ti ń wá." Ó tú itọ́ sínú ẹyin iná. "Obìnrin ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tá a ti ń wá ara wa."

Ó bu ẹ̀bu dúdú kan sínú ewé gbígbẹ, ó wé e, ó fi lé Olúṣínà lọ́wọ́.

"Wá ọ̀nà kó mu ún. Èyí ò ní rin ilẹ̀, inú ikùn ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe ara rẹ̀."

"Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ o, bàbá. Mi ò ní kó kú."

Ògúnwálé wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ àgbà. Ó tẹ ẹwìrì rẹ̀, iná sì ràn.

*

Ọ̀rọ̀ obìnrin Ìmínì yẹn kò jẹ́ kí Olúṣínà fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Nígbà tí Akínwándé ní òun fẹ́ dé ibì kan, ó jẹ́ kó lọ ṣíwájú, ó sì rọra tẹ̀ lé e dé Ìmínì. Ó gbé màṣíìnì pamọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́, ó lọ lúgọ sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó rí ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun, ó jókòó ti ìkòkò omi. Ọ̀ṣuntóyìn ni, obìnrin Ìmínì tí Ògúnwálé ń sọ. Akínwándé, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Olúṣínà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ó rí i tí Akínwándé na ìka sí ọ̀fun, tí ìyá náà mi orí, tó bu omi ìkòkò sínú ìgò, tó sọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Lójijì ìyá náà gbójú sókè. Ó wo ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tààrà. Ó kàn ń wò ó, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ń dùn lọ́kàn.

Olúṣínà sáré débi màṣíìnì rẹ̀. Ó ti yé e báyìí. Akínwándé ti lọ fi oògùn di ọ̀fun ara rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Akínwándé wọlé wá bá a, ó gbé ìgò náà sọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa mu èyí láràárọ̀. Ó dára fún ọ̀fun."

Olúṣínà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló fẹ́ fi omi náà dáàbò bò, ikú ni wọ́n gbé wá bá òun nínú ìgò ọtí òyìnbó. Ó dúpẹ́, ó gbà á, láràárọ̀ ló sì ń bù nínú rẹ̀ lọ dà nù sẹ́yìn ilé ìdáná. Màmá Dorothy tí wọ́n jọ ń gbé agbolé rí i lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń da á.

Ajá arúgbó kan wà nínú agbolé náà tí wọ́n ń pè ní Bíńgò. Ẹnìkan ti sọ òkò mọ́ ọn lọ́rùn láti ọjọ́ pípẹ́, láti ìgbà náà kò gbó mọ́, ó kàn máa ń la ẹnu lásán. Bíńgò ń lá omi tí Olúṣínà ń dà nù. Nígbà tó ṣe, láàárọ̀ kan, gbogbo ilé gbọ́ ajá tó ń gbó kíkankíkan lẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn ọmọdé sáré jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Olúṣínà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, ajá tó ti yadi tó wá ń gbó, ikú ló rí. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti bi ara rẹ̀ pé kí ni ajá náà mu.

*

Wọ́n tún pàdé nínú sítọ́ọ̀. Sìrájù ti padà dé, báńdéèjì lójú, ó ń fi ojú kan lu ìlù, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Olúṣínà ló gbé emu wá. Ó bu ti oníkálukú sínú kọ́ọ̀bù, ó sì ti da ẹ̀bu Ògúnwálé sínú ti Akínwándé.

Akínwándé gbé kọ́ọ̀bù náà dé ẹnu. Ó wo Sìrájù. Ó gbé e kúrò lẹ́nu.

"Ìwọ lojú ń ro," ó ní. "Gbà, mu tèmi kún un."

Olúṣínà nawọ́ sí kọ́ọ̀bù náà. Sìrájù ti gbé e mì.

Kò ju ìgbà tí wọ́n kọ orin kan tán lọ. Wọ́n dákẹ́, Sìrájù kò dákẹ́. Ó ń lu ìlù náà lọ, ó ń yára sí i, ọ̀pá ìlù kán, ó fi ọwọ́ lásán lù ú, èékánná rẹ̀ ń já dànù, ó ń rẹ́rìn-ín. Akínwándé di apá rẹ̀ mú. Sìrájù fa irin tó gbé páànù ìlù ró yọ, ó sì fi lù ú léjìká, egungun kán, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó tún gbé e sókè lé e lórí.

"Èmi ni mo ju ìgò yẹn!" Sìrájù ń pariwo. "Èmi ni! Jàǹdùkú Ìlọrà ni mo jù ú sí! Akínwándé nawọ́ kó gbà á, kò rí i gbá mú! Èmi ni, Olúṣínà, èmi ni!"

Ó ju irin sílẹ̀. Ó fi orí sọ ilẹ̀kùn onírin sítọ́ọ̀ náà. Ó fà sẹ́yìn, ó tún fi sọ ọ́. Àwọn méjèèjì dì í lẹ́sẹ̀, dì í níbàdí, ó gbé wọn dání bí ẹni gbé ẹrù koríko, ó tún lọ. Nígbà tó fi máa dúró, kò sí ojú tó kù láti di báńdéèjì sí. Ojú ilẹ̀kùn náà tẹ̀ wọnú títí dòní.

Akínwándé jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó gbé orí Sìrájù lé itan, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ tó là sílẹ̀ lórí àyà òkú náà ní àpá kan tó gba àárín àtẹ́lẹwọ́ kọjá. Láti ọjọ́ yìí wá, ó ti máa ń sọ pé okùn gìtá ló gé òun níbẹ̀. Olúṣínà wo àpá náà. Ó yé e pé ìgò ni, pé ọmọ yìí na ọwọ́ kí ìgò má bàa kan òun.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgò ló ń bí Olúṣínà nínú, ì bá parí. Àmọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Akínwándé dúró ní ojú oórì, apá rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọrùn, ó sì kọrin fún Sìrájù. Orin Olúṣínà ni. Ó kọ ọ́ débi tí àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Olúṣínà gbọ́ ọ, ìbínú tó bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò ní ìgò nínú mọ́. Ìlara ni, ó sì mọ̀ pé ìlara ni, ó tún gba ọ̀nà Akínmọ́ọ̀rìn lọ.

*

Òbúkọ kan wà ní orí ìdè nínú ilé àgbẹ̀dẹ. Egbò ọwọ́ Ògúnwálé ti gun ejìká.

"Kí ló ń jẹ́?" ó bi í.

"Akínwándé. Amos ni wọ́n fi sàmì fún un."

"Ìwé ló ń jẹ́ ìyẹn. Mo fẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é kó tó mọ ara rẹ̀. Orúkọ tó ti ẹnu ìyàwó ilé jáde nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Èèyàn á gbàgbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ò ní gbàgbé. Tí a bá pè é, ara á dáhùn kí ọgbọ́n tó dá a dúró. Àpèta ni. Omi Ìmínì kò lè fọ ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ìpè."

"Ta ni yóò pè é?"

"Ìwọ ni. Ohùn tí wọ́n fà ya yẹn ló dára jù."

Olúṣínà rántí. Nínú àwo tuntun náà, orin kan wà tí Akínwándé ti fi àyè kan sílẹ̀ fún un, àyè ìpè lásán, níbi tí ohùn kan ti ń ké sí èèyàn láti òkèèrè. Akínwándé ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín bó ṣe wà yìí á dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yìí." Ìpè yẹn rèé.

"Bàbá, ohùn rẹ̀ ni mo ní kó lọ. Ohùn nìkan."

Ògúnwálé gbé orí òbúkọ náà sókè. "Níbo ni ohùn ń gbé?" ó bi í, ó sì fi ọ̀bẹ fa ọ̀fun ẹran náà ya. Ẹ̀jẹ̀ ta sí Olúṣínà lójú àti lẹ́nu. Òbúkọ náà kò ké. Ó la ẹnu bíi Bíńgò tẹ́lẹ̀, ohùn ò jáde. Ògúnwálé bu ẹ̀jẹ̀ náà po ẹ̀bu kan, ó ní kó lọ fi kun ara ohun tí yóò gba ìpè náà sílẹ̀.

*

Ẹ̀bá títì ni Màmá Dorothy máa ń jókòó sí ní Fìdítì, tó ń bó ọsàn fún àwọn èrò bọ́ọ̀sì. Ìyàwó bàbá wọn àgbà ni, ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun ló wo Akínwándé dàgbà, nítorí ìyá ọmọ náà kú nígbà tó bí i. Ní ti Olúṣínà, bàbá rẹ̀ kú kó tó rìn dáadáa, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìlọrà. Ilé ìwé ló dá a padà sí agbolé náà, ó ti gbọ́njú nígbà náà.

"Ẹ kú ọrọ̀ ajé, màmá."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ káàbọ̀." Màmá náà yíjú sẹ́yìn. "Akínwándé! Gbé àga wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Akínwándé fi ọwọ́ kan gbé àga wá, ó sì padà wọlé. Olúṣínà jókòó. Ó fi ọ̀rọ̀ Sìrájù ṣíwájú, ó kẹ́dùn díẹ̀, kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Màmá, nínú orin tá a fẹ́ gbà sílẹ̀, mo fẹ́ ké sí Akínwándé. Mo fẹ́ fi orúkọ tí ẹ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ṣe é. Irú èyí tí ìyàwó ilé máa ń sọ ọmọ."

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Màmá náà wo ojú rẹ̀. Ó wo àpá ọrùn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, eruku bò wọ́n, ó sì ń wò ó nínú eruku náà.

"Ṣé ire lẹ fẹ́ fi ṣe, ọkọ mi?"

"Ire ni, màmá."

"Mo tún bi yín. Ṣé ire ni?"

"Ire mà ni. Kí ni mo tún lè fi ṣe?"

Màmá náà sọ ojú kalẹ̀. "Eyínafẹ́ ni," ó ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín méjì lókè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi wọ ilé yìí, mi ò mọ ẹnì kankan, ẹkún ni mo máa ń sun. Tí ọmọ náà bá rákò wá bá mi, tó fi eyín méjì yẹn rẹ́rìn-ín, ara á tù mí. Mo máa na ọwọ́, mo máa ní, Eyínafẹ́. Á ní, òo." Ọ̀bẹ ti wọ ọ́ ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ọsàn náà, kò sì nù ún. "Tó bá jẹ́ ire lẹ fi pè é, ire ni yóò dáhùn."

Olúṣínà dúpẹ́, ó dìde. Ó ti rí ohun tó ń wá. Ó ka ìwé, ó mọ gìtá, ó mọ Bíbélì lórí, àmọ́ kò jókòó ti àwọn obìnrin agbolé rí. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ nínú ilé yẹn ì bá ti gbọ́ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ màmá náà tí òun kò gbọ́.

*

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìlọrà ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ láti Ìbàdàn ti to téèpù rẹ̀, wọ́n ti wá onílù mìíràn. Olúṣínà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó fi ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ náà kun máìkì, ó wọ inú rẹ̀ lọ bí omi tó wọ yanrìn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Akínwándé sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mu ìgò yẹn tán?"

"Ìgò wo?"

"Ti Ìyá Ìmínì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Ó ní tí ẹ bá mu ún tán, ohùn yín á padà. Mi ò fẹ́ sọ fún yín tẹ́lẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ọkàn yín gbé e kó má wá rí bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá padà, a máa ní kí wọ́n dúró, kí ẹ fúnra yín kọ ọ́. Orin yín ni."

Olúṣínà rí Bíńgò lọ́kàn, lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń lá ilẹ̀. Ohùn òun ni òun ti ń da fún ajá láràárọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin ẹlẹ́rọ ti gbé ọwọ́ sókè, ìlù ti bẹ̀rẹ̀, Akínwándé sì ti la ẹnu.

Ó kọ ọ́ dáadáa. Ká ní ó kọ ọ́ burúkú díẹ̀ ni, bóyá Olúṣínà ì bá dárí jì í. Ohùn náà gba orí òrùlé lọ, ó mọ́ kedere, ó sì dùn, kò sì ní padà di ti Olúṣínà mọ́ láéláé. Olúṣínà fi ẹnu kan máìkì.

"Eyínafẹ́!"

Ọwọ́ ẹ̀rọ fò. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ wo iná, ó wo Olúṣínà. Akínwándé ń kọrin lọ, kò ṣe bí ẹni tí wọ́n pè.

"Eyínafẹ́!"

Olúṣínà gbọ́ ajá tó ń gbó, bẹ́ẹ̀ Fìdítì ni ajá náà wà. Òórùn èèpo ọsàn gba gbogbo gbọ̀ngàn. Akínwándé kò tíì dáhùn. Ìbínú gun Olúṣínà, ó fi gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀fun rẹ̀ ké e.

"Eyínafẹ́!"

Oòrùn kan ràn níwájú rẹ̀. Ó rí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó rí ọmọge kan tó wọ ìró tuntun, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ilẹ̀ súnmọ́ ọn gan-an, àfi bí ẹni tó ń rákò. Ayọ̀ tí kò ní ìdí kún inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣí kó tó mọ̀.

"Òo," Olúṣínà wí.

Àpá ọrùn rẹ̀ ya láti etí dé etí. Ẹ̀jẹ̀ tú sára máìkì, sára gìtá, sójú Akínwándé. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n jù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Láti inú ọ̀fun tó ya náà ni ohùn kan ti jáde, ohùn Olúṣínà ti àtijọ́, odindi, kò lábùkù, ó gba orin náà lẹ́nu Akínwándé, ó gbé e lọ sókè. Ó ń kọrin, ó ń ṣubú. Akínwándé fò mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó ní àpá yẹn dí i lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Olúṣínà kọ orin náà dé òpin. Nígbà tó kọ ọ́ tán, kò mí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ará Akínmọ́ọ̀rìn bá òkú Ògúnwálé tó fi ojú bolẹ̀ nínú ẹyin iná rẹ̀. Omi ló wà lára aṣọ rẹ̀, ó tutù rinrin, kò sì sí òjò.

*

Akínwándé kò jẹ́ kí wọ́n pa téèpù náà rẹ́. Ó ní ohùn tí ẹ̀gbọ́n òun fi ẹ̀mí kọ, kò sẹ́ni tí yóò fi ọwọ́ nù ún. Àwo náà jáde, orúkọ Olúṣínà ló ṣíwájú lára páálí rẹ̀.

Ó bi Màmá Dorothy lọ́jọ́ kan, nínú ilé, nígbà tó ku àwọn méjì.

"Màmá, ta ló ń jẹ́ Eyínafẹ́?"

"Ìwọ, inú ilé yìí ni mo wà tí wọ́n fi bí ọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n gbé ọ lé. Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ mìíràn ṣe fún ọ? Akínwándé ni mo ń pè ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo bá nílé. Ọkọ mi ni. Ẹnu ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, ni mo ṣe sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Nígbà tó wá bèèrè orúkọ rẹ lọ́wọ́ mi, orúkọ tirẹ̀ ni mo fún un."

"Ẹ mọ̀ pé ibi ló fẹ́ fi ṣe?"

"Mo rí i tó ń da omi ìyá Ìmínì nù. Mo rí ojú rẹ̀ níbi òkú Sìrájù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í bóyá ire ni. Tó bá jẹ́ ire ló fi pè é, ohùn rẹ̀ ì bá padà, kì bá sì ti gba ẹ̀mí rẹ̀." Ó fi ìdí ìró nu ojú. "Mo ní ọmọ méjì, wọ́n ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Akínwándé jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì kan dúró ní ẹ̀bá títì lọ́dọ̀ màmá, àwọn èrò ń ra ọsàn. Rédíò dẹ́rẹ́bà ń ké. Orin ọ̀hún ni wọ́n fi sí i. Màmá Dorothy gbọ́ ìpè àkọ́kọ́, ó gbọ́ ìkejì, ó gbọ́ ìkẹta. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ọmọ náà jẹ́, òo, bó ṣe máa ń jẹ́ ẹ nínú àgbàlá. Ohùn náà sì dìde, ó bo ariwo ẹ́ńjìnnì, àwọn èrò sì ní kí dẹ́rẹ́bà má tíì lọ.

Màmá náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ó sì pe orúkọ tí kò pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ ilé náà.

"Olúṣínà," ó ní. "Olúṣínà, kí ló dé tó o purọ́ fún mi?"

Àwọn èrò yíjú wò ó. Ẹnìkan bi í pé ta ló ń pè. Ó ní kò sí, ó mú ọsàn mìíràn, ó ń bó o lọ.